Ẹ Má Jẹ́ Kí Ìwádìí Dúró De Ọdún Ìkẹyìn

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ occupational therapy

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà tí ẹ yọjú sí wa, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ pọ̀ débi pé àwọn kan wà lórí ìdúró lẹ́nu ọ̀nà, mo kí gbogbo yín o. Ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ kú àdúrótì wa. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó ṣáájú mi dé ẹnu iṣẹ́ yìí kí n tó lanu, torí ẹ̀yìn wọn ni mo ti kọ́ ohun tí mo mọ̀.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ occupational therapy, tí gbogbo wa ń pè ní OT, mọ iṣẹ́ ìwádìí ṣe dáadáa. Fún ẹ̀yin òbí tó wà láàárín wa, iṣẹ́ OT ni kí ẹni tí àìsàn tàbí ìpalára ti gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ lè tún máa ṣe ohun tó ń ṣe tẹ́lẹ̀: kó wẹ̀, kó wọṣọ, kó jẹun, kó padà sí ìsọ̀, kó padà sí kíláàsì. Ọ̀rọ̀ ìwádìí nínú iṣẹ́ yìí ti wà lọ́kàn mi tipẹ́, inú mi sì dùn pé ẹ bi mí.

Ibi tí mo dúró sí nìyí, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. À ń pẹ́ jù kí a tó kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí ní ìwádìí. À ń dúró di ọdún ìkẹyìn, à ń pè é ní project, a ó wá fi oṣù díẹ̀ há wọn mọ́ àárín orí kìíní sí orí karùn-ún. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ́kọ́ bá aláìsàn jókòó ló yẹ kí ẹ̀kọ́ ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́: ìwádìí ti wà nínú iṣẹ́ wa láti ìpìlẹ̀

Àwọn kan máa ń sọ pé, "Iṣẹ́ ọwọ́ ni OT, ẹ fi ìwádìí sílẹ̀ fún àwọn dókítà." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́. Ẹ jẹ́ ká wo ìtàn wò.

Ní oṣù kẹta ọdún 1917, èèyàn díẹ̀ kóra jọ sí ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Clifton Springs, ní ìpínlẹ̀ New York, ní Amẹ́ríkà. George Barton tó gbà wọ́n lálejò, ayàwòrán ilé ni. Àìsàn ti dá a wó rí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ òsì ti kú, iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ ọgbà ló fi gba ara rẹ̀ padà. William Rush Dunton, dókítà àwọn alárùn ọpọlọ, wà níbẹ̀. Eleanor Clarke Slagle, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú iṣẹ́ OT, náà wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́jọ́ náà ló dàgbà di ẹgbẹ́ OT Amẹ́ríkà tòní. Kí ni wọ́n kọ sínú ìwé wọn pé àwọn fẹ́ ṣe? Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí iṣẹ́ ṣíṣe di ohun ìtọ́jú. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣèwádìí ohun tí iṣẹ́ ṣíṣe ń ṣe lára ọmọ èèyàn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ tan ìmọ̀ náà kálẹ̀. Ẹ gbọ́ èyí tó wà láàárín yẹn dáadáa. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ ìwádìí ti wà nínú ìwé ìdásílẹ̀ ẹgbẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Ní 1954, Thomas Adeoye Lambo, dókítà àwọn alárùn ọpọlọ, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwòsàn Arò ní ìlú náà. Kò ti àwọn alárùn ọpọlọ mọ́lé. Ó ní kí wọ́n máa gbé ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí ẹbí kan tẹ̀ lé wọn wá, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú, kí wọ́n sì máa bá àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́ oko. Iṣẹ́, ẹbí, ilé: ohun tí OT ń pariwo rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá náà kọ́ yẹn? Lambo ò sì fi mọ síbẹ̀. Òun àti Alexander Leighton láti yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà kó àwọn olùwádìí jọ, wọ́n wọ abúlé, wọ́n bi àwọn èèyàn léèrè ohun tí àwọn fúnra wọn kà sí àìsàn ọpọlọ, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1963. Ilé ìwòsàn tó ṣe dáadáa pọ̀ láyé yìí tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ orúkọ wọn rí. Arò kọ tirẹ̀ sílẹ̀, à ń kọ́ ọgbọ́n nínú rẹ̀ dòní.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní ìwádìí kì í ṣe iṣẹ́ wa, ẹ bá mi bi í pé ta ló gbà á lọ́wọ́ wa.

Ọ̀rọ̀ kejì: ibùsùn aláìsàn ni ìbéèrè ń gbé

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ pẹ́ díẹ̀.

Bí ẹ bá wọ ilé ìkàwé ẹ̀ka kan níbi tí wọ́n ti ń kọ́ OT, tí ẹ ka àkòrí àwọn project tó wà lórí pẹpẹ, ẹ ó rí i pé wọ́n jọra. "Ìmọ̀, ìṣesí àti ìhùwàsí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa" nǹkan báyìí. Ọdún tó tẹ̀ lé e, "Ìmọ̀, ìṣesí àti ìhùwàsí àwọn olùkọ́ nípa" nǹkan yẹn náà. Wọ́n tẹ ìwé ìbéèrè, wọ́n pín in ní họ́sítẹ̀lì, wọ́n gbà á padà lálẹ́ ọjọ́ kejì. Èmi ò bú àwọn ọmọ náà. Kí ni wọn ì bá ṣe? A ò kọ́ wọn bí a ṣe ń bí ìbéèrè. A kàn sọ fún wọn pé kí wọ́n mú àkòrí mẹ́ta wá lọ́jọ́ Ajé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù kan tí mo ti ń bójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìyá kan wà níbẹ̀, oníṣòwò aṣọ, tí rọpárọsẹ̀ mú ní apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ara rẹ̀ ti ń yá. Wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó wà ní ọdún kẹta fi Barthel Index yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ọ́n: òṣùwọ̀n tí Mahoney àti Barthel gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1965, nǹkan mẹ́wàá tí èèyàn ń ṣe lójoojúmọ́ ni wọ́n ń wò, àpapọ̀ máàkì rẹ̀ jẹ́ 100. Nígbà tí wọ́n dé ibi aṣọ wíwọ̀, ìyá wọ gáwùn ilé ìwòsàn, ó di bọ́tìnnì, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà. Akẹ́kọ̀ọ́ fún un ní 10, òun náà ló pé. Ó ti fẹ́ pa fáìlì dé nígbà tí ìyá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé báyìí lẹ ṣe máa dá mi padà sílé? Mi ò tíì lè ró ìró."

Ohun tí ọmọ yìí ṣe lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n rí i bí ẹ ṣe ń ró o." Wọ́n mú ìró jáde nínú báàgì. Ìyá fi ọwọ́ òsì fa aṣọ yí ìdí dé iwájú, kò wá sí ọwọ́ kejì tí yóò di etí àkọ́kọ́ mú. Ó fi àgbọ̀n tẹ etí yẹn mọ́ àyà, aṣọ yọ̀. Ó fara ti ògiri, ó fi ìdí há aṣọ mọ́ ara ògiri, ó fi ọwọ́ òsì ki etí kejì bọ abẹ́. Ó mú díẹ̀, ó tún tú bí ó ṣe gbé ẹsẹ̀. Nígbà tó tún un ṣe, orúnkún rẹ̀ ti ń gbọ̀n, ó jókòó. Ọmọ yìí ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń lọ: ibi tí aṣọ ti yọ̀, ohun tí ìyá fi dí i, ibi tó ti sinmi, ìṣẹ́jú tó gbà. Lẹ́yìn náà ló wá bá mi, ó ní, "Sà, báwo ni ìwé ṣe fún wọn ní máàkì pípé lórí aṣọ wíwọ̀, tí wọn ò sì lè múra lọ sí ìsọ̀ wọn?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìbéèrè ìwádìí nìyẹn! Kò ti inú ìwé wá, kò ti orí íntánẹ́ẹ̀tì wá. Ẹ sì wo àwọn ìbéèrè tó wọ́ tẹ̀ lé e. Mélòó nínú àwọn ìyá tó ń fi ilé ìwòsàn wa sílẹ̀ pẹ̀lú máàkì pípé ni kò lè ró ìró? Ọ̀nà mélòó ni àwọn tó ti pẹ́ nínú àìsàn náà ti dá fún ara wọn, tí a ò bi wọ́n rí? Bí a bá rán okùn mọ́ etí ìró, ṣé yóò yá fún ẹni tó ní ọwọ́ kan? Ṣé ìyá yóò sì gbà láti ró ìró tí okùn wà lára rẹ̀ níwájú àwọn oníṣòwò ẹgbẹ́ rẹ̀? Èyí ìkẹyìn yẹn le ju gbogbo wọn lọ, torí ẹni tí ojú ń tì kò ní lo ohun tí a bá ṣe fún un, bó ti wù kó dára tó.

Irú rẹ̀ pọ̀ ní gbogbo ibùsùn. Bàbá tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kú, tí kò lọ sí ìpàdé ẹbí mọ́ torí pé ọwọ́ òsì ni yóò máa nà sí èèyàn: ta ló ti wọn ohun tí àìsàn yẹn gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Ìyàwó ilé tí kò lè kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀ mọ́. Alhaji tó fẹ́ mọ bí òun yóò ṣe dé orí ẹní kírun, kí òun sì tún dìde. Ẹni tó ń fi garawa wẹ̀ lẹ́yìnkùlé, tí ìwé wa ń bi léèrè bóyá ó lè wọ inú báàfù. Ẹni tó ń lo ṣáláńgá. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni ìgbé ayé wọn. A kì í bi wọ́n torí pé kò sí nínú fọ́ọ̀mù.

Abèèrè kì í ṣìnà. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí a kọ́ ọmọ ní bí a ṣe ń béèrè kí a tó kọ́ ọ ní SPSS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ìṣirò ìwádìí. Kí á kọ́ ọ láti wo ohun kan pẹ́, láti kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, kó má kọ ohun tó rò pé olùkọ́ fẹ́ gbọ́, láti wá béèrè ìdí. Ẹni tó bá mọ èyí, ìṣirò á wulẹ̀ di ohun tí a fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kọ́ ọ ni. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, bó bá mọ gbogbo ìṣirò ayé, kí ló fẹ́ ṣírò?

Ọ̀rọ̀ kẹta: òṣùwọ̀n tó bá àwọn èèyàn wa mu

Ẹni tó bá ra gàrí ní kọ́ńgò ní ọjà kan, tó wá tà á ní kọ́ńgò tó ṣe rìndìnrìndìn ní ọjà mìíràn, kò lè mọ̀ bóyá òun jèrè. Bẹ́ẹ̀ ni ìwádìí rí bí òṣùwọ̀n ò bá dára.

Mo fẹ́ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìtàn Ìdíkàn. Ní 1992 ni àwọn olùwádìí ní Ìbàdàn, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí wo àrùn ìgbàgbé lára àwọn àgbàlagbà. Ìdíkàn ní Ìbàdàn ni apá kan; àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis ni apá kejì. Lẹ́yìn ikú Osuntokun, àwọn bí Adesola Ogunniyi, Olusegun Baiyewu àti Oye Gureje ló bá iṣẹ́ náà lọ. Ní 2001 ni wọ́n gbé àbọ̀ kan jáde tó ya ayé lẹ́nu: nínú 100 àgbàlagbà, àwọn tí àrùn ìgbàgbé tuntun ń mú lọ́dún kan tó 1.35 ní Ìbàdàn, ó sì tó 3.24 ní Indianapolis. Ìyàtọ̀ ńlá!

Ẹ wá bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni, pé kì í ṣe pé òṣùwọ̀n ló ṣì wọ́n lọ́nà. Ìbéèrè tó dáa nìyẹn, àwọn náà bi ara wọn. Wọ́n túmọ̀ àwọn ìbéèrè wọn sí Yorùbá, wọ́n tún wọn ṣe kí ó lè bá ẹni tí kò lọ sílé ìwé mu. Nígbà tó yá, ìṣòro kan kù. Àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọpọlọ èèyàn ṣì lè to nǹkan pọ̀. Wọ́n á ya àwòrán fún un, wọ́n á ní kó fi pẹ́ńsùlù ya irú rẹ̀. Ẹ fojú inú wo ìyá àgbà tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, tí kò di pẹ́ńsùlù mú rí láyé rẹ̀. Bí kò bá lè yà á, ṣé àrùn ni, àbí àìkàwé? Baiyewu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé pẹ́ńsùlù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n mú igi ìṣáná. Wọ́n á fi igi ìṣáná to àwòrán kan, wọ́n á ní kí àgbà náà fi igi ìṣáná tirẹ̀ to irú rẹ̀. Ta ni kò mọ igi ìṣáná mú? Wọ́n dán an wò, wọ́n rí i pé ó bá àwọn àgbà náà mu ju yíya àwòrán lọ, wọ́n sì tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 2005.

Igi ìṣáná o! Páálí ìṣáná tó wà ní ilé ìdáná gbogbo wa. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń sọ pé kò sí owó, kò sí ẹ̀rọ, ẹ má gbàgbé ìtàn yìí.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ìtumọ̀. Bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Tótó, ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan á mú fọ́ọ̀mù Gẹ̀ẹ́sì dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, á máa túmọ̀ rẹ̀ lẹ́nu bó ṣe wá sí i lọ́kàn. Ní ibùsùn kejì, ọ̀rọ̀ tó lò yóò yàtọ̀. Òṣùwọ̀n méjì ló ti lò yẹn, kò sì mọ̀. Ọ̀nà tó tọ́ wà, kò sì fara sin. Èèyàn méjì yóò túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọn yóò jókòó, wọn yóò fi méjèèjì ṣe ọ̀kan. Àwọn mìíràn tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì yóò túmọ̀ ti Yorùbá padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti yẹ̀, wọn yóò tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò gbé e lọ bá aláìsàn díẹ̀, wọn yóò bi wọ́n pé, "Kí lẹ gbọ́ nínú ìbéèrè yìí?" Ilé-Ifẹ̀ ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún òṣùwọ̀n SF-36 tí wọ́n fi ń wo ìlera, ó wà ní Yorùbá báyìí. Kíláàsì ọdún kejì lè ṣe é fún ojú ìwé kan ṣoṣo, kí wọ́n fi kọ́ iṣẹ́. Mo ti rí i tí akẹ́kọ̀ọ́ ń jiyàn fún odindi ọ̀sán lórí ọ̀rọ̀ kan, tí ojú wọn ń tàn. Ẹ̀kọ́ ìwádìí ni wọ́n ń kọ́, wọn ò tilẹ̀ mọ̀.

Òṣùwọ̀n mìíràn wà tí mo fẹ́ràn nítorí pé ẹnu aláìsàn ló ti ń mú ọ̀rọ̀. Àwọn ará Kánádà gbé e jáde ní 1991, COPM ni wọ́n ń pè é. Ẹ ó bi aláìsàn pé kí ni ẹ fẹ́ ṣe, kí ni wọ́n ní kí ẹ ṣe, kí ni ẹ ò lè ṣe. Òun fúnra rẹ̀ yóò fi 1 sí 10 sọ bó ṣe ń ṣe é sí, àti bó ṣe tẹ́ ẹ lọ́rùn sí. Lẹ́yìn ìtọ́jú, ẹ ó tún bi í. Bó bá fi máàkì méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gòkè, a máa ń kà á sí ìyípadà tó nítumọ̀. Ìyá oníṣòwò aṣọ yẹn, ẹ rò ó wò, kí ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ?

Ọ̀rọ̀ kẹrin: ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ẹni tí kò ka iṣẹ́ ẹlòmíràn yóò máa bẹ̀rẹ̀ láti òdo lójoojúmọ́.

Àpẹẹrẹ kan péré ni mo fẹ́ mú wá. Ní 1997, Florence Clark àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Los Angeles tẹ àbọ̀ ìwádìí kan jáde. Àwọn àgbàlagbà 361 ni, ẹni tó kéré jù nínú wọn ti pé ẹni ọgọ́ta ọdún, onírúurú ẹ̀yà sì ni wọ́n. Wọ́n fi ìbò pín wọn sọ́nà mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni má baà yan ẹni tí ara rẹ̀ le sí apá kan. Apá kìíní bá àwọn OT ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́sàn-án, wọ́n ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè tún ìgbé ayé ojoojúmọ́ wọn tò. Apá kejì kàn ń pàdé fún fàájì: eré, sinimá, ìrìn àjò, ijó. Apá kẹta ò gba nǹkan kan. Ẹ̀yin rò pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn onífàájì?

Mo máa ń bi kíláàsì mi, gbogbo wọn á ní àwọn náà á dára sí i, bóyá kò kàn ní tó ti àwọn OT. Rárá. Àwọn onífàájì ò yàtọ̀ sí àwọn tí kò gba nǹkan kan. Àwọn tó bá OT ṣiṣẹ́ nìkan ló jèrè, nínú ìlera, nínú agbára láti ṣe nǹkan, nínú bí ayé wọn ṣe dùn mọ́ wọn. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ parí, púpọ̀ nínú èrè náà ṣì wà lára wọn.

Ẹ rí agbára ìwádìí bí? Àwọn èèyàn ti ń sọ fún wa tipẹ́ pé OT kàn ń fi nǹkan dí ọwọ́ aláìsàn ni. Bí kò bá sí apá kejì yẹn, apá àwọn onífàájì, kò sí ohun tí a lè fi dá wọn lóhùn. Ẹni tó ronú kan apá kejì yẹn ló gbè wá. Mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ka iṣẹ́ èèyàn bẹ́ẹ̀: kó wá ibi tí olùwádìí ti gbìyànjú láti já ara rẹ̀ nírọ́. Iṣẹ́ kan lóṣù, kí a kà á pọ̀ ní wọ́ọ̀dù, kí a sì bi ara wa pé, ìyá tó wà ní ibùsùn kẹrin yìí, ṣé ó jọ àwọn tí wọ́n wádìí?

Ọ̀rọ̀ karùn-ún: òótọ́ àti ìyọ̀ǹda

Èyí ò gùn, ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ ọ́ tagbáratagbára.

Nàìjíríà ti ní ìlànà orílẹ̀-èdè lórí ìwà tó tọ́ nínú ìwádìí ìlera láti 2007. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ gba ìwé lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ kí òun tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé yẹn ò tó. Àtàǹpàkò tí ìyá kan tẹ̀ sórí ìwé tí kò lè kà, tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti bá a dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" kó tó lanu, ṣé ìyọ̀ǹda ni? Bó bá rò pé bí òun bá kọ̀, ẹ ò ní tọ́jú òun mọ́ ńkọ́? Ẹ jókòó tì í. Ẹ fi Yorùbá ṣàlàyé. Ẹ ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó gbọ́ padà fún yín. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ó lè sọ pé òun ò ṣe, kí ẹ sì máa rẹ́rìn-ín sí i bí ẹ ṣe ń rẹ́rìn-ín sí i lánàá.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹni tó bá jókòó sí yàrá rẹ̀, tó ń fi bírò oríṣiríṣi kún ìwé ìbéèrè aláìsàn tí kò rí rí, irọ́ ló ń pa mọ́ aláìsàn. Ẹnì kan lè ka irọ́ yẹn lọ́la, kó fi tọ́jú ìyá tiyín. Kàkà kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé èèyàn méjìlá péré ni ẹ rí. Èèyàn méjìlá tó jẹ́ òótọ́ níyì lójú mi ju ọgọ́fà tí a ṣẹ̀dá lọ.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn: kí ni ká wá ṣe?

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn olùkọ́ àti àwọn olórí ẹ̀ka jù.

Àjọ OT àgbáyé, WFOT, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1952, ní akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ ní dín ní wákàtí 1,000 lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ aláìsàn kó tó gboyè. Wákàtí 1,000! Ibẹ̀ ni kí a fi ìwádìí sí. A ò nílò kọ́ọ̀sì tuntun, a ò sì nílò owó. Ní gbogbo posting, ìyẹn ìgbà tí a bá rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ aláìsàn, kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ìbéèrè kan ṣoṣo jáde láti ara aláìsàn kan, kó kọ ohun tó rí, kó wá iṣẹ́ kan tí ẹlòmíràn ti ṣe lórí rẹ̀, kó sọ fún wa ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọmọ tó bá ti ṣe èyí láti ọdún kejì, yóò ti ní ìbéèrè tó tó mẹ́wàá lọ́wọ́ kó tó dé ọdún ìkẹyìn. Kò ní máa sá kiri wá àkòrí.

Èkejì, aláìsàn wa kì í fìgbà gbogbo pọ̀. A ò lè máa fi tipá wá ọgọ́rùn-ún èèyàn. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ wọn ní ìwádìí ẹnì kan: kí a wọn ohun tí aláìsàn kan lè ṣe ní ọjọ́ mélòó kan kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, kí a máa wọ̀n ọ́n bí ìtọ́jú ṣe ń lọ, kí a dá ìtọ́jú náà dúró díẹ̀ bí kò bá léwu, kí a tún wọ̀n ọ́n. Bí ìlà tí a fi àwọn máàkì náà yà sórí ìwé bá ń gòkè kó tó di pé a fọwọ́ kàn án, á jẹ́ pé ara rẹ̀ ló ń yá fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ ló ṣẹ́rí sókè, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹnì kan, rúlà, ìwé aláàmì: akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe é láàárín posting kan.

Ẹ̀kẹta ló sún mọ́ ọkàn mi jù. Ẹ jẹ́ kí àwọn project máa jogún ara wọn. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ ogún, ìbéèrè ogún, gbogbo rẹ̀ kú lọ́jọ́ tí wọ́n gbà wọ́n wọlé sí àwọn tó gboyè. Ẹ mú ọ̀rọ̀ ìró yẹn. Kí àwọn ọdún yìí wo bí àwọn ìyá ṣe ń ró o, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Kí àwọn tó tẹ̀ lé wọn sọ ọ́ di òṣùwọ̀n. Kí àwọn tó bá gbà á ní ọdún kẹta iṣẹ́ náà dán òṣùwọ̀n yẹn wò: kí èèyàn méjì wo ìyá kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ṣé máàkì wọn á bára mu? Kí àwọn tó bá gbà á ní ọdún kẹrin wá gbìyànjú ìtọ́jú, kí wọ́n fi òṣùwọ̀n náà wò ó. Ní ọdún kẹrin yẹn, ẹ̀ka kékeré kan ní ilẹ̀ Yorùbá yóò ní ohun tí kò sí níbòmíràn láyé, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ́wọ́ sí i ni orúkọ wọn yóò sì wà lórí rẹ̀. Olùkọ́ kan gbọ́dọ̀ dúró ti ìbéèrè náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Olùkọ́ yẹn gbọ́dọ̀ máa ṣèwádìí fúnra rẹ̀, torí ọmọ kì í kọ́ ohun tí kò rí kí àgbà máa ṣe.

Kí a sì máa gbé àbọ̀ padà fún àwọn tó fún wa lọ́rọ̀. Bí ìwádìí bá jẹ́ lórí àwọn oníṣòwò, kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ bá ìyálọ́jà, kó sọ ohun tó rí fún wọn ní ọjọ́ ìpàdé ọjà. Kó lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò. Máàkì gbọ́dọ̀ wà fún èyí nínú project, torí akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ohun tí kò sí máàkì fún, ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo ti tẹ ojú ìwé kan tí a lè lẹ̀ mọ́ iwájú lógíbúùkù gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kí posting tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Àyè mẹ́rin ló wà níbẹ̀: ohun tí mo rí, ohun tí aláìsàn sọ, ìbéèrè mi, ẹni tó ti béèrè irú rẹ̀ ṣáájú mi. Ó wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, kí olórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan mú tirẹ̀ kó tó lọ. Ẹ ṣeun tí ẹ fetí sí mi. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó nawọ́. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lórí ìdúró yẹn.